Èso Wo Ni Kí A Lọ̀ Fún Ọmọ? Ìfiwéra Smoothie Mẹ́fà Tí Òbí Lè Ṣe Nílé Ní Àkúrẹ́

Òbí tí ó bá ń gbé ní Àkúrẹ́ kì í wá èso tì. Láti Ọjà Ọba dé ojú ọ̀nà Ìdànrè àti ti Oǹdó, èso kan tàbí òmíràn wà lórí àtẹ ní gbogbo oṣù ọdún. Ohun tí ó ń fún òbí ní ìrònú ni èyí tí ó yẹ kí ó rà lọ sílé nínú wọn, pàápàá nísinsìnyí tí ọ̀pọ̀ ọmọ ti mọ smoothie, ìyẹn èso tí a lọ̀ pọ̀ títí ó fi ki tí ó sì kúnná, tí wọ́n sì ń béèrè fún un lójoojúmọ́. Èso tí ó dára fún ọmọ tí kì í jẹun dáadáa lè má ṣe ọmọ tí kì í rí ìgbẹ́ yà ní àǹfààní tó bẹ́ẹ̀, èso mìíràn sì wà tí owó rẹ̀ ju ohun tí ó ń fi sí ara ọmọ lọ. Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ gbé mẹ́fà nínú wọn sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, kí olúkúlùkù lè mú èyí tí ó bá ọmọ rẹ̀ àti àpò rẹ̀ mu.

Ohun tí a ó fi wọ̀n wọ́n

Àkọ́kọ́ ni owó, kì í sì ṣe iye tí a ra èso nìkan ni mo ń wò, bí kò ṣe iye ife tí a rí nínú rẹ̀ lẹ́yìn tí a bá ti bó èèpo tí a sì ti yọ kóró dànù. Èkejì ni èròjà aṣaralóore tí ó wà nínú rẹ̀. Ẹ̀kẹta ni bóyá a lè gbẹ́kẹ̀ lé e: ṣé a ó rí i rà nígbàkúùgbà, ṣé kì í tètè bàjẹ́ nígbà tí iná kò bá sí, ṣé adùn rẹ̀ kì í yí padà? Ẹ̀kẹrin ni ọjọ́ orí ọmọ àti ìlera rẹ̀, èyí tí mo ka sí pàtàkì ju àwọn yòókù lọ, tí n ó sì kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ lé lórí nítorí pé ó kan gbogbo èso tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò.

Ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà, ọmú ìyá rẹ̀ ti tó o. Kò nílò èso, kò tilẹ̀ nílò omi. Láti oṣù mẹ́fà títí di ọdún kan, èso tí ó rọ̀, tí a fi ṣíbí tẹ̀, tí a sì fi ṣíbí bọ́ ọmọ, ni ó dára ju èyí tí ó ń gbé ife mu lọ, nítorí pé ìgbà yẹn ni ẹnu rẹ̀ ń kọ́ bí a ti ń jẹun, a kò sì fẹ́ kí ohun dídùn gba ààyè ọmú. A kò gbọdọ̀ fi oyin sí ohunkóhun tí ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan yóò jẹ. Kòkòrò àìfojúrí kan lè wà nínú oyin tí kì í ṣe àgbàlagbà ní nǹkan kan, ṣùgbọ́n tí ó lè mú kí ọmọ ìkókó rọ lápá rọ lẹ́sẹ̀, kí ó má lè mí dáadáa mọ́.

Ọmọ tí ó ti lé ní ọdún kan lè mu smoothie, ṣùgbọ́n kí ó má pọ̀. Ìdí rẹ̀ ni pé nígbà tí abẹ ẹ̀rọ bá ti gé èso sí wẹ́wẹ́, ṣúgà inú rẹ̀ máa ń tú jáde, eyín àti ikùn a sì tètè bá a pàdé ju ìgbà tí ọmọ bá fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ èso náà lọ. Àjọ Ìlera Àgbáyé, nínú ìlànà tí ó gbé jáde ní 2015, fẹ́ kí ṣúgà inú omi èso, pẹ̀lú ṣúgà tí a ń bù sí oúnjẹ, má tó ìdá kan nínú mẹ́wàá agbára tí ènìyàn ń rí nínú oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn elétò ìlera ní kí omi èso àti smoothie lápapọ̀ má ju mìlílítà 150 lọ lóòjọ́, kí a sì mu ún mọ́ oúnjẹ. Ìwọ̀n yẹn kò tó ìdajì ìgò mínírà 35cl. Kí òbí fi ìwọ̀n yìí sọ́kàn bí ó ti ń ka ohun tí ó kù, kí ó sì mọ̀ pé kò sí ọ̀kan nínú àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tí ó nílò ṣúgà rárá.

Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ àti ẹ̀pà

Bí ó bá jẹ́ pé ẹyọ kan ṣoṣo ni a ó mú, èyí ni n ó mú fún ọ̀pọ̀ ilé ní Àkúrẹ́. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kò ní àkókò kan pàtó, òjò ni o, ẹ̀ẹ̀rùn ni o, ó wà lọ́jà. Kò ní kóró tí a ń yọ, èèpo rẹ̀ nìkan ni a ń sọnù, ó sì dùn tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọ kò ní wá ṣúgà. Ẹni tí ó bá lọ sọ́jà nírọ̀lẹ́ yóò rí i pé àwọn ìyá ọlọ́ọ̀gẹ̀dẹ̀ máa ń ya èyí tí ó ti ní àmì dúdú dúdú lára sọ́tọ̀, wọ́n sì máa ń dín owó rẹ̀ kù kí ilẹ̀ tó ṣú. Èyí tí àwọn oníbàárà ń fojú fò yẹn gan-an ni ó dára jù lọ fún lílọ̀, nítorí pé ó ti pọ́n dénú, ó ti rọ̀, adùn rẹ̀ sì ti pé.

Ọ̀gẹ̀dẹ̀ nìkan kò tó láti pè ní oúnjẹ. Pòtásíọ́ọ̀mù wà nínú rẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n purotéènì tí ń mú ara ọmọ dàgbà kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí níbẹ̀. Ẹ̀pà ni ó ń dí àlàfo yìí, nítorí pé nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin ẹ̀pà ni purotéènì, ó sì ní òróró tí ń fún ọmọ ní agbára. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan àti ṣíbí ìjẹun kan ẹ̀pà yíyan tí a ti fẹ́ èèpo rẹ̀ kúrò tó fún ọmọ kan. Kí a kọ́kọ́ da ẹ̀pà nìkan sínú ẹ̀rọ pẹ̀lú omi díẹ̀, kí a lọ̀ ọ́ títí tí yóò fi kúnná, kí a tó da ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí i. Bí a bá da gbogbo rẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀gẹ̀dẹ̀ yóò ti dà omi tán kí ẹ̀pà tó lọ̀, èérún ẹ̀pà yóò sì máa há ọmọ lọ́fun. Mílíìkì díẹ̀ tàbí yógọ́ọ̀tì tí kò ní ṣúgà lè rọ́pò omi fún ọmọ tí ó ti pé ọdún kan.

Ohun mẹ́ta ni ó yẹ kí a ṣọ́ níbí. Èkínní, ara àwọn ọmọ kan kì í gba ẹ̀pà. Kí ìgbà àkọ́kọ́ jẹ́ díẹ̀ péré, kí a sì máa wo ọmọ. Bí ètè rẹ̀ bá wú, bí ara rẹ̀ bá lé wíìwíì, tàbí bí mímí bá ṣòro fún un, ilé ìwòsàn ni kí a gbé e lọ lójú ẹsẹ̀. Èkejì, ẹ̀pà tí ó ti hu, tí ó ti yí àwọ̀ padà, tàbí tí ó korò lẹ́nu, dídànù ni, nítorí pé májèlé kan tí a ń pè ní aflatoxin lè wà nínú rẹ̀ tí ó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, yíyan tàbí sísè kò sì lè pa á tán. Ẹ̀kẹta ni ọ̀rọ̀ káábáìdì tí àwọn kan fi ń mú ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti máńgòrò pọ́n ní tipátipá. Àjọ NAFDAC ti kìlọ̀ nípa rẹ̀ léraléra, torí pé asẹ́níìkì àti fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì, tí wọ́n jẹ́ májèlé, sábà máa ń wà lára káábáìdì tí ń bẹ lọ́jà. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí a fi mú pọ́n sábà máa ń ní àwọ̀ ìyeyè kan náà láti òkè dé ìsàlẹ̀ láìní àmì dúdú kankan, ṣùgbọ́n ọrùn rẹ̀ yóò ṣì tutù bí ewé, inú rẹ̀ yóò sì le nígbà tí a bá bó o. Èyí tún jẹ́ ìdí mìíràn tí mo fi fẹ́ràn ọ̀gẹ̀dẹ̀ alámì dúdú.

Ìbẹ́pẹ àti ọsàn

Ìbẹ́pẹ ni ó tẹ̀ lé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ní àìwọ́n, nítorí pé igi rẹ̀ wà lẹ́yìnkùlé ọ̀pọ̀ ilé, ọ̀kan tí ó tóbi díẹ̀ sì lè tó ọmọ mẹ́rin mu. Bí ó bá jẹ́ ti èròjà aṣaralóore nìkan ni, òun ni n ó fi ṣe àkọ́kọ́. Gíráàmù 100 ìbẹ́pẹ pípọ́n ní tó mìlígíráàmù 60 fítámì C, bẹ́ẹ̀ sì ni mìlígíráàmù 15 ni ọmọ ọdún kan sí mẹ́ta nílò lóòjọ́, tí ti ọmọ ọdún mẹ́rin sí mẹ́jọ jẹ́ 25. Ohun tí ara fi ń ṣẹ̀dá fítámì A, tí ó ṣe pàtàkì fún ojú àti fún àtikọ àrùn, wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Òbí tí ó bá gbé ife kékeré kan síwájú ọmọ nígbà tí ó ń jẹ ẹ̀wà tàbí ẹ̀fọ́ ti ṣe ohun méjì pọ̀, nítorí pé fítámì C ni ó ń ran ara lọ́wọ́ láti fa èròjà irin, tí ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀, jáde nínú irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀.

Òórùn rẹ̀ ni àwọn ọmọ máa ń torí rẹ̀ sá. Ọsàn ni ó ń bo òórùn yìí mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n kí a má kàn fún omi rẹ̀ sí i. Kí a bó ọsàn, kí a yọ gbogbo kóró rẹ̀, nítorí pé kóró tí a bá lọ̀ mọ́ ọn yóò mú un korò, kí a sì da ẹran ọsàn náà lódindi sínú ẹ̀rọ. Báyìí ni fáíbà, ìyẹn apá ara èso tí kì í dà nínú ikùn, tí ó sì ń mú kí ìgbẹ́ rọ̀, kò fi ní ṣòfò. Fún ọmọ tí ó máa ń pẹ́ kí ó tó ṣe ìgbẹ́, tí ó sì máa ń sunkún bí ó bá fẹ́ ṣe é, èyí ni kí a kọ́kọ́ gbìyànjú. Ìbẹ́pẹ tí ó ti pọ́n tán kì í pẹ́ rà, nítorí náà ẹni tí kò bá ní fíríìjì kí ó ra èyí tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yí àwọ̀ padà, kí ó jẹ́ kí ó pọ́n nílé.

Ọ̀pẹ̀yìnbó

Ọ̀pọ̀ ìyá ni ó ti da smoothie ọ̀pẹ̀yìnbó nù, tí wọ́n sì ń bínú sí ẹni tí ó ta mílíìkì fún wọn. Wọ́n lọ ọ̀pẹ̀yìnbó mọ́ mílíìkì ní àárọ̀, ó dùn. Wọ́n gbé e sínú fíríìjì de ọmọ tí yóò ti iléèwé dé. Nígbà tí ọmọ tọ́ ọ wò lọ́sàn-án, ó korò. Mílíìkì náà kò ní ẹ̀bi. Èròjà kan tí a ń pè ní bromelain wà nínú ọ̀pẹ̀yìnbó tútù, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni kí ó máa já purotéènì sí wẹ́wẹ́. Òun náà ni ó máa ń ta wá ní ahọ́n bí a bá jẹ ẹ́ jù. Bí ó bá ti bá mílíìkì tàbí yógọ́ọ̀tì pàdé, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í já purotéènì inú rẹ̀, ohun tí ó sì ń ti ibẹ̀ jáde ni ìkorò náà. Irú èròjà bẹ́ẹ̀ wà nínú ìbẹ́pẹ pẹ̀lú, nítorí náà ìkìlọ̀ kan náà ni fún àwọn méjèèjì.

Ọ̀nà méjì ni a lè gbà. Ẹni tí ó fẹ́ mílíìkì níbẹ̀, kí ó lọ̀ ọ́ kí ọmọ sì mu ún lójú kan náà. Ẹni tí ó fẹ́ tọ́jú rẹ̀, kí ó gé ọ̀pẹ̀yìnbó, kí ó sè é fún ìṣẹ́jú mélòó kan, kí ó jẹ́ kí ó tutù kí ó tó lọ̀ ọ́. Iná máa ń pa bromelain, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé yóò bá díẹ̀ lọ nínú fítámì C. Èyí tí mo fara mọ́ jù ni kí a yọ ọ̀rọ̀ mílíìkì kúrò, kí a lọ̀ ọ́ mọ́ kùkúḿbà tàbí ọ̀gẹ̀dẹ̀.

Ní ti owó, ojú kò gbọdọ̀ tàn wá jẹ: bí a bá ti gé orí rẹ̀, tí a bó èèpo rẹ̀ tí a sì yọ ojú rẹ̀, ohun tí ó kù kò pọ̀ mọ́. Ó sì kan lẹ́nu. Kò yẹ ọmọ tí ẹnu rẹ̀ bó tàbí tí ètè rẹ̀ là.

Máńgòrò

Láti nǹkan bí oṣù kẹta sí oṣù kẹfà, kò sí èso tí ó lè bá máńgòrò du adùn, owó rẹ̀ a sì wálẹ̀ débi pé àwọn kan ń fi abọ́ wọ̀n ọ́n tà. Fítámì A pọ̀ níbẹ̀. Àmọ́ lẹ́yìn àkókò yìí, a kì í rí i, bí a bá sì rí i, ọwọ́ kò ká a, nítorí náà kò ṣeé fi ṣe ìpìlẹ̀ ohun tí ọmọ yóò máa mu yípo ọdún. Èyí tí ó kéré tí ó ní okùn máa ń dùn, ṣùgbọ́n okùn rẹ̀ yóò máa dì mọ́ abẹ ẹ̀rọ. Kí a sẹ́ ẹ, tàbí kí a ra èyí tí ó tóbi tí okùn rẹ̀ kò pọ̀. Ṣúgà inú máńgòrò ju ti ìbẹ́pẹ lọ dáadáa, fún ìdí èyí omi tàbí kùkúḿbà ni kí a fi là á, kì í ṣe ọsàn.

Píà

Píà kò dùn bí àwọn yòókù, ọmọ tí ó bá sì kọ́kọ́ tọ́ ọ wò lè tu ú dànù. Síbẹ̀ ó ní ohun tí wọn kò ní. Gíráàmù 100 rẹ̀ ní nǹkan bí gíráàmù 15 ọ̀rá, irú ọ̀rá tí ó dára fún ara, ṣúgà rẹ̀ sì kéré gan-an. Ọmọ tí ó rù, tí kì í jẹ ju òkèlè méjì mẹ́ta lọ kí ó tó sọ pé òun ti yó, yóò rí agbára púpọ̀ nínú ife kékeré. Ìdajì píà àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan máa ń fẹ́ra wọn dáadáa, nítorí pé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ń fún un ní adùn, píà ń mú un ki. Ìgbà òjò ni ó máa ń pọ̀ lọ́jà. Ó máa ń dúdú kíá lẹ́yìn tí a bá là á. Omi ọsàn wẹ́wẹ́ díẹ̀ ń dá a dúró fún ìgbà díẹ̀.

Bàrà olómi

Èyí tí gbogbo ayé ń pè ní wọ́tàmẹ́lọ̀nì yìí, láti òkè ọya ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti ń wọ Àkúrẹ́. Nínú gíráàmù 100 rẹ̀, nǹkan bí 92 jẹ́ omi. Ó dára láti fi pa òùngbẹ ọmọ nínú ooru, ṣùgbọ́n kí òbí má kà á sí oúnjẹ, kí ó má sì fi rọ́pò oúnjẹ àárọ̀. Odindi ni kí a rà, kì í ṣe èyí tí wọ́n ti là sílẹ̀ fún eṣinṣin àti eruku.

Èyí tí wọ́n ti lọ̀ tán ńkọ́?

Àwọn tí ó ń lọ èso tà pọ̀ sí i ní ìlú, pàápàá ní agbègbè FUTA àti Alágbàká, iṣẹ́ ọwọ́ wọn sì wúlò fún òbí tí ó ti ibi iṣẹ́ dé tí kò ní agbára mọ́. Kí ó kàn béèrè ohun mẹ́ta kí ó tó sanwó: ṣé wọ́n bu ṣúgà sí i, omi wo ni wọ́n fi là á, níbo sì ni yìnyín rẹ̀ ti wá? Ti inú páálí jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn. Ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ jẹ́ omi aládùn tí èso inú rẹ̀ kò tó nǹkan, ara páálí náà ni a ó sì ti kà á. Kò sí èyí tí mo lè fi wé ohun tí a lọ̀ nílé.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ náà kan gbogbo ohun tí mo ti sọ. Ẹ̀rọ ìlọta tí a fi ń lọ ata kì í ṣe ti smoothie ọmọ, bí a tilẹ̀ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ dáadáa, nítorí pé oró ata rodo máa ń sá pamọ́ sábẹ́ rọ́bà tí ó wà nídìí abẹ, ọmọ yóò sì mọ̀ ọ́n kí àgbàlagbà tó mọ̀ ọ́n. Bí kò bá sí owó fún ẹ̀rọ méjì, kí a ra ife ẹ̀rọ kejì, tàbí kí a yọ rọ́bà yẹn kí a sì rẹ ẹ́ sínú omi gbígbóná àti ọṣẹ. Omi tí a bá fi là á gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí a sè tàbí tí ó mọ́. Bí kò bá sí iná, kí ọmọ mu ún láàárín wákàtí méjì; bí fíríìjì bá ń ṣiṣẹ́, kí ó má ju ọjọ́ kan lọ. Ẹni tí iná rẹ̀ bá dúró díẹ̀ lè bó ọ̀gẹ̀dẹ̀, kí ó gé e sínú ọ̀rá, kí ó sì jẹ́ kí ó dì. Yóò rọ́pò yìnyín, kò sì ní sọ smoothie di omi.

Ta ni kí ó mú èwo?

Ilé tí ó ní ọmọ púpọ̀ tí owó kò sì tó nǹkan, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ẹ̀pà ni kí wọ́n fi ṣe ìpìlẹ̀, kí wọ́n fi ìbẹ́pẹ pààrọ̀ rẹ̀ ní ọjọ́ tí wọ́n bá ń jẹ ẹ̀wà. Ọmọ tí kì í rí ìgbẹ́ yà, ìbẹ́pẹ àti ọsàn ni tirẹ̀. Ọmọ tí ó rù tàbí tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde àìsàn, píà àti ọ̀gẹ̀dẹ̀, kí a sì fi mílíìkì là á bí ó bá ti pé ọdún kan. Ọmọ tí ara rẹ̀ kò gba ẹ̀pà lè mu ọ̀gẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú yógọ́ọ̀tì. Ẹni tí ó ń gbé e fún ọmọ lọ sí iléèwé, kí ó yẹra fún ọ̀pẹ̀yìnbó àti ìbẹ́pẹ tí a fi mílíìkì lọ̀, kí ó tilẹ̀ fún ọmọ ní ọ̀gẹ̀dẹ̀ lódindi, nítorí pé smoothie tí ó wà nínú àpò ìwé láti aago méje àárọ̀ kò yẹ ní mímu mọ́ ní ọ̀sán. Ní àkókò máńgòrò, kí a jẹ́ kí gbogbo ọmọ gbádùn rẹ̀ ní ìwọ̀n ife kékeré. Bàrà, ti ọ̀sán gangan nìkan ni.

Ọmọ tí ó ní àrùn kíndìnrín tàbí àtọ̀gbẹ ni mo yọ sílẹ̀ nínú gbogbo èyí. Pòtásíọ́ọ̀mù inú ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti píà lè pọ̀ jù fún kíndìnrín tí kò ṣiṣẹ́ dáadáa, ṣúgà inú èso lílọ̀ sì máa ń tètè wọ inú ẹ̀jẹ̀. Dókítà tí ó ń tọ́jú ọmọ náà ni kí òbí béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ kí ó tó lọ ohunkóhun fún un.